Kòkòrò Ilé Ìyá Àmírátù

“Kòkòrò tó bá fẹ́ wọ ilé Ṣùkúrátù, kó yáa dágbére fún ẹbí ẹ̀ kó tó kúrò nílé!”

Ìhàlẹ̀ Ṣùkúrátù, Ìyá Àmírátù, nìyẹn. Ọjà Atakpamé ló ti ń ta ọṣẹ àti jafẹ́lì, omi tí í sọ aṣọ dúdú di funfun, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń di ìgo jafẹ́lì mú bí ẹni di idà mú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Àmírátù ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Lomé dé. Ó gbé ike kan lé itan nínú tákísí: omi òkun àti ewé òkun, tó ń yọ̀ bí ilá. Ó ti tún ọdún kan ṣe. Àwọn olùkọ́ ní bí kò bá mú ẹ̀rí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó máa bá bàbá ẹ̀ ránṣọ nílé.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Kòkòrò wà lára ẹ̀.”

Ó fẹ́ fi kún un pé àwọn kòkòrò àìfojúrí náà ló ń ṣọ́ ewé, tí wọn kì í jẹ́ kí ẹran wẹ́wẹ́ oníkarahun inú omi òkun náà lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó ń lọ sí ìlú Datcha ti ń fọn fèrè. Ó sáré lọ kí ìyá àgbà.

Kòkòrò! Nínú ilé ta ni?

Nígbà tó dé lọ́jọ́ Àìkú, ewé òkun ti mọ́ nigín. Ìyá ẹ̀ ti fi jafẹ́lì àti kànìnkànìn bó o, ó ṣan án lẹ́ẹ̀meje, ó dá a padà sómi ẹ̀. Àmọ́ ẹran wẹ́wẹ́ ti wá bò ó ṣíbáṣíbá, bíi gàrí.

Àmírátù fi abẹ́rẹ́ ha wọ́n. Wọn ò ṣí. Ó wólẹ̀ gbì.

“Màmá, ẹ ti pa mí! Ẹ ti pa àwọn ẹ̀ṣọ́ mi!”

“Ẹ̀ṣọ́ wo? Ṣebí kòkòrò lo pè é!”

Ọmọ ń sunkún, ìyá gbè é. Àfi bí ìyá ṣe lanu: “Láílà! Jafẹ́lì ò kan gbogbo ẹ̀! Bàbá ẹ bu ìdì kan kí n tó fọ̀ ọ́!”

Àmírátù fò sókè. Ìdì kan tó ṣì ń yọ̀! Kí wọ́n tì í bọ omi kan náà di ọ̀la: ẹran ti bo èyí tó mọ́, wọn ò ní sún mọ́ èyí tó dọ̀tí. Ẹ̀rí dé! Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sáré lọ bá Sàkàrìyáù, bàbá Àmírátù, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

“Bàbá, ewé tí ẹ bù dà?”

Ó yọ òwú lẹ́nu.

“Mo ti fi jẹ ọkà. Kò tiẹ̀ gba iyọ̀.”