Òkúta Tó Mu Epo

Ó rẹ Sàlàkọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ má bi mí pé kí ló ṣe tó fi rẹ̀ ẹ́, jàre. Ẹni tó bá ń jó irin ní Ẹ̀gbẹ́dá láyé ìgbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí gbogbo ayé ń kọ́lé, tí kálukú ń fẹ́ géètì lọ́la, ọjọ́ wo ni kò ní rẹ̀ ẹ́? Ẹ̀yìn ń dùn ún, ẹnu rẹ̀ ń korò, kò sì wù ú kí ẹnikẹ́ni kí i. Ohun kan ṣoṣo ló gbé e dìde lórí ẹní. Géètì Agnes, tíṣà ará Oǹdó, ló kù kó lọ̀ kó dán. Bó bá ti parí rẹ̀, Bàbá Ṣóbọ̀wálé, ọ̀gá rẹ̀, yóò gbàdúrà fún un, kó lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìgàndò.

Àdúrà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré o. Oníṣẹ́ irin tí ọ̀gá rẹ̀ kò súre fún, ta ni yóò gbéṣẹ́ fún un? Sàlàkọ́ ti bímọ sábẹ́ ọ̀gá yìí, ewú ti yọ lórí rẹ̀, síbẹ̀ "ọmọ iṣẹ́ Bàbá" ni wọ́n ń pè é títí dé Dopemu. Ó ti sú u.

Ó ṣí páálí òkúta gíráńdà, àwọn òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀rọ lẹ́nu láti fi lọ irin. Òórùn ẹmu ló kọ́kọ́ gbà á nímú. Ó mú ọ̀kan jáde. Epo pupa ti rin ín gbingbin, bébà àárín rẹ̀ ti ń ṣí, nọ́ńbà tó ń sọ bí eré rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ mọ kò ṣe é kà mọ́.

"Họ́wù!"

Àṣé nítorí ọ̀rọ̀ àná ni. Lánàá ni wọ́n bọ Ògún ní ṣọ́ọ̀bù. Mùsùlùmí ni Sàlàkọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa fi irin jẹun tí kò ní kí ẹni tó ni irin? Bàbá fúnra rẹ̀ ló kó ẹrù iṣẹ́ jọ sílẹ̀, tó ń ta epo àti ẹmu sí wọn lórí. Epo kò lè pa òòlù lára. Ti òkúta gíráńdà yàtọ̀. Nǹkan líle wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ni. Bí omi tàbí epo bá wọ̀ ọ́, kì í lágbára mọ́, apá kan á wúwo ju ìkejì lọ, bó bá sì ń yí, ó lè fọ́ kó fò mọ́ni lójú.

Sàlàkọ́ mú òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn kí ẹnikẹ́ni má baà lò wọ́n.

"Kí lò ń fọ́ níbẹ̀ yẹn?" Bàbá pariwo láti orí bẹ́ǹṣì.

"Òkúta gíráńdà ni, Bàbá. Epo àná ti wọ̀ ọ́."

"O fọ́ ohun tí mo fi bọ Ògún? Ìwọ Sàlàkọ́?" Bàbá fi ọwọ́ lu bẹ́ǹṣì. "Ṣé ó kù lọ́wọ́ ẹ?"

"Ó ku ọ̀kan."

"Dè é. Bí o kò bá dè é, àdúrà tí ò ń retí, lọ gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn!"

Inú bí Sàlàkọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n agbára àríyànjiyàn kò sí lára rẹ̀. Ó ní òun á dán an wò lófìfo ná. Ó yọ wáyà kúrò lára iná, ó de òkúta náà, ó yẹ irin tó bo ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ó le dáadáa. Ó fi fáìsì di ẹ̀rọ mú, ó fa wáyà lọ sẹ́yìn ògiri. Òkúta tí a bá ń dán wò, a kì í dúró níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kúrò níwájú ẹ̀rọ."

Bàbá dìde, ó rìn díẹ̀, ó sì lọ dúró síwájú rẹ̀ gan-an.

"Bàbá, iwájú rẹ̀ lẹ tún lọ yìí!"

Bàbá tún sún. Iwájú rẹ̀ náà ló ṣì wà. Ó wá sú Sàlàkọ́ pátápátá. "Irú àgídí wo nìyí? Ṣé ẹ fẹ́ kí n pa yín ni?"

Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. "Apá ibo ló kọjú sí?"

Ẹ̀rọ ọ̀hún kò jìnnà sí Bàbá, oòrùn sì mọ́lẹ̀ lórí rẹ̀ kedere. Sàlàkọ́ sún mọ́ ọn, ó ju ọwọ́ síwá sẹ́yìn níwájú ojú rẹ̀. Bàbá kò ṣẹ́jú.

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

"Láti ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá. Òjìji nìkan ni mò ń rí. Iná irin tí mo fi ojú lásán jó nígbà èwe mi ló dé yìí. Páálí yẹn, mo rò pé ìṣó ló wà nínú ẹ̀ ni." Ó fa aṣọ rẹ̀ mọ́ra. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọn ò ní gbéṣẹ́ wá mọ́."

Sàlàkọ́ tú òkúta yẹn, ó fọ́ ọ. Ó lọ ra tuntun ní Dopemu, èyí tó gbẹ, tí kò sán, tí nọ́ńbà eré rẹ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ. Ó wọ jígí, ó lọ géètì náà títí ó fi dán. Nígbà tí wọ́n máa pe ìrun àsárì, Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ pa gbogbo ojú ibi tí wọ́n jó.

"Ó dára. Wá dọ̀bálẹ̀, ìlérí ni mo ṣe."

Sàlàkọ́ dọ̀bálẹ̀. Ọwọ́ Bàbá kọ́kọ́ bọ́ sí i léjìká kó tó rí orí rẹ̀. Ó súre títí. Ó ní ọ̀nà á là, ó ní irin kò ní ṣe é ní jàǹbá, ó ní kó máa lọ sí Ìgàndò, kó máa lọ láyọ̀. Gbogbo ohun tí Sàlàkọ́ ti ń retí láti ọdún gbọọrọ wá ni Bàbá sọ pátá. Bàbá wá gbé ọwọ́ kúrò, ó ń dúró de àmín.

Àmín kò jáde lẹ́nu Sàlàkọ́. Bí òun bá lọ sí Ìgàndò, ta ni yóò máa bá Bàbá ríran?

Bàbá na ọwọ́ síwájú, ó ń wá a nínú afẹ́fẹ́. "Sàlàkọ́? Àbí o ti lọ ni?"

"Rárá, Bàbá," ni Sàlàkọ́ dáhùn lórí ìdọ̀bálẹ̀. "Mo ṣì wà níbí."