Búrẹ́dì Ilé Mẹ́rìnlá

Iná ti ń jó nínú ààrò abúlé láti ìdájí, síbẹ̀ òkè inú rẹ̀ ṣì dúdú bí ìdí ìkòkò. Mathurine bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wò ó.

"Kò tíì tó."

"Ta ló sọ fún ọ, Ìyá Solange?" Anselme, aládùúgbò rẹ̀, ju igi tó gbé sílẹ̀. "Firmin ló mọ iná. Ìyẹ̀fun nìkan nìwọ mọ̀."

Firmin ni ọkọ rẹ̀. Ìgbà òtútù tó kọjá ni wọ́n sin ín. Ogójì ọdún ló fi dá iná yìí lọ́jọ́ ọdún Róòkù Mímọ́, ọjọ́ kan ṣoṣo tí abúlé Vaubrune ń yan búrẹ́dì pọ̀. Bí ti òní bá jóná, àwọn ará abúlé yóò ti ààrò náà pa. Mathurine pàápàá ti gbà fún Solange ọmọ rẹ̀ pé ní ìrọ̀lẹ́ yìí, òun yóò bá a lọ máa gbé ní ìlú.

Búrẹ́dì mẹ́rìnlá ló wà lórí pákó, àmì ilé kọ̀ọ̀kan lára tirẹ̀: àgbélébùú fún ilé Barjac, ìlà mẹ́ta fún ilé alágbẹ̀dẹ. Ilé mẹ́ta péré nínú mẹ́rìnlá ni èéfín ṣì ń jáde níbẹ̀.

"Ṣé àwọn òkú ló máa jẹ ìyókù?"

"Àgbàyà, àwọn òkú kì í ráhùn bíi tìrẹ. Gbé igi wá."

Nígbà tó yá, dúdú èéfín jó kúrò lára bíríkì, òkè ààrò sì funfun. Wọ́n wa ẹyin iná jáde. Mathurine fọ́n ìyẹ̀fun díẹ̀ sílẹ̀ ààrò, ó ń wò ó bóyá yóò jóná. Ẹ̀yìn Firmin ló máa ń dúró sí, tí yóò máa gbé búrẹ́dì lé e lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní iná. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ. Ìyẹ̀fun náà pọ́n, kò dúdú.

"Ó ti tó."

Búrẹ́dì ń jáde lọ́wọ́ nígbà tí Solange dé. Mathurine fi ìka lu ìdí ọ̀kan. Ó dún bí akèrègbè òfìfo: ó ti jinná, kò jóná.

"Màmá, ẹrù yín dà?"

"Igi yìí tutù jù," Mathurine ń bá Anselme wí. "Lọ́dún tó ń bọ̀, tètè kó o sábẹ́ òrùlé fún mi."

Anselme bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa igi tó kù jọ. Ìgbà náà ni Mathurine tó gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ: lọ́dún tó ń bọ̀. Solange wò ó títí, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì jókòó sórí òkúta tó gbóná lẹ́bàá ààrò.