Ohùn Tó Tẹ̀lé Ìbọn

Ẹ ò rí i pé ìròyìn mọ eré sá ju asáré lọ. Muhsinah kò tíì kúrò ní pápá ìṣeré tí Kúbúrátù ìyá rẹ̀ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, nídìí àgádágodo tó ń tà ní ọjà Igbúdú ní Warri. Rosemary ló gbé e wá, obìnrin ará Otor-Udu tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá kan náà. Láti ọ̀nà jíjìn ló ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀.

"Mama Muhsi! Dem shoot gun make dem run, your pikin sleep for ground!"

Ìbọn nìkan ni Kúbúrátù gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ti ké "Yé!", ó ti ká ọwọ́ lérí, kí Rosemary tó gbá a mú, tó ṣàlàyé pé ìbọn eré ìje ni, ìbọn tí kò lọ́ta nínú, tí wọ́n fi ń sọ fún àwọn asáré pé ó yá. Ọmọbìnrin mẹ́jọ ló wà lórí ìlà. Méje sá lọ. Muhsinah nìkan ló nà gbalaja, ó dojú bolẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì borí. Gbogbo pápá sì bú sẹ́rìn-ín, nítorí ará Warri ò ní torí àánú gbé ẹ̀rín mì.

Kúbúrátù palẹ̀ ọjà mọ́ lọ́sàn-án gangan, ohun tí kì í ṣe àfi lọ́jọ́ ìjà, ó gba ilé lọ.

Ó bá ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ti wú. Festus jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Festus, ó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté, ṣùgbọ́n eré ló sá nígbà èwe, òun ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé Muhsinah láràárọ̀. Ó máa ń wí fún wọn pé orí ló ń kọ́kọ́ sáré, ẹsẹ̀ kàn ń tẹ̀ lé e ni.

"Ìyá Muhsinah, ẹ má bá a wí. Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí," ni Festus wí. "Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé látìgbà tí ìjà ẹ̀yà sí ẹ̀yà yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yin nǹkan kan nígboro. Pákó méjì ni mo ń gbá mọ́ra fún wọn dípò ìbọn. Mo kọ́ ọ bó ṣe máa mí. Mo kọ́ ọ bó ṣe máa fi ojú inú sá eré náà kó tó sá a. Ìbọn nìkan ni mi ò fi kọ́ ọ."

Kúbúrátù yíjú sọ́mọ. "Kí ló ṣe ọ́ gan-an?"

Muhsinah gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bíi tàwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ sí Warri, Pidgin ló fi ń dáhùn. "Mama, I hear the gun. Then I hear you."

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mo wà lọ́jà?"

"I hear you say, Dojú bolẹ̀! Before I know, my body don fall."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Kúbúrátù lára ṣinṣin. Kò lè sọ pé irọ́ ni. Láti ìgbà ìjà àkọ́kọ́, nígbà tí Muhsinah jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló ti ń kọ́ ọ bí ẹní kọ́ ọmọ ní kéú: bí ìbọn bá dún, dojú bolẹ̀. Má yọjú lójú fèrèsé. Má sá. Má wá mi wá. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2003 yìí kan náà, Muhsinah dúró nídìí sítóófù, ó ń dín dòdò, nígbà tí ìbọn dún ládùúgbò. Kúbúrátù kígbe, ọmọ ṣubú lulẹ̀. Ọta wọlé gba ara ògiri, ó gba orí sítóófù kọjá. Ihò náà ṣì wà níbẹ̀ dòní, ó ṣe déédéé àyà ọmọ náà, ọṣẹ ni wọ́n fi dí i. Nítorí náà, ká má parọ́, ohùn yẹn ló jẹ́ kí ọmọ wà láàyè. Òun náà ló wá dojú ọmọ délẹ̀ láàárín èrò yìí.

Ọmọbìnrin méjì péré ni wọ́n fẹ́ mú nínú eré kọ̀ọ̀kan lọ sí ilé ìwé àwọn eléré ìdárayá ní Asaba. Ti ọgọ́rùn-ún mítà ti bọ́. Ó ku igba mítà, Sátidé tó ń bọ̀, níbi tí wọ́n ti máa mú ẹni tó bá gba ipò kìíní àti ìkejì. Muhsinah sì ti búra: "If I fall again, I no go run again for my life." Ọmọ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rán an ní iyọ̀, eré ló máa sá lọ sá bọ̀! Kúbúrátù fẹ́ kó lọ. Ó fẹ́ ẹ nítorí eré, ó sì fẹ́ ẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí kó lè máa sùn níbi tí kò sí ihò lára ògiri.

"Kí la máa ṣe báyìí, Bọ̀dá Festus?"

"Ohun tí ara bá kọ́, ó lè tún òmíràn kọ́ lé e lórí. Ariwo tó jọ ìbọn ni ká máa fi kọ́ ọ, kí ọ̀rọ̀ mìíràn sì máa tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ ohùn tèmi."

"Ta ló máa wá jẹ́ bí kò ṣe èmi?" Kúbúrátù ti dìde. "Èmi tí mo gbé e sí i lórí ni n ó gbé e kúrò."

Bí ilẹ̀ ti ń mọ́, ó kọ́kọ́ gbé ọsàn lọ fún àwọn sójà tó wà ní oríta, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, bí wọ́n bá gbọ́ ariwo, kí wọ́n má yìnbọn o, òun ni. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n gba ọsàn. Ó dé ilé, ó da omi inú dúróòmù nù, ó mú ọmọ odó. Muhsinah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu géètì bí asáré. "Mí sínú," ni Festus ń wí. "Mí síta. Wo òpin eré náà, o ti rí i?" Kúbúrátù na ọmọ odó sókè. Gbòò!

"Gbéra!" ni Kúbúrátù ké.

Muhsinah ṣubú. Rosemary, tó ń gbé abọ́ sítáàṣì tó fẹ́ jẹ bọ̀ láti ìdáná, ṣubú tòun ti abọ́. Ìgbà tó fi máa dìde, sítáàṣì ti bo gbogbo àyà rẹ̀.

"Mama Muhsi, you dey craze? You wan kill me join your pikin?"

"Má bínú, ìyàwó mi, má bínú," ni Kúbúrátù ń wí, ọwọ́ rẹ̀ sì ti tún ń na ọmọ odó.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ ń ṣubú. Ọjọ́rú, orúnkún nìkan ló ń kanlẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ó dúró, ó ń gbọ̀n, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró. Ara Kúbúrátù kò balẹ̀ rárá. Ní ọjà, ó ta àgádágodo fún oníbàárà kan, ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ òmíràn, ọkùnrin náà sì padà wá bú u bí ẹni láyin. Ìró dúróòmù ni Kúbúrátù ń rò, bóyá kí òun lù ú le sí i.

Ní Jímọ̀, gbòò! Muhsinah tú jáde ní géètì, ó sá dé ọ̀dọ̀ àwọn sójà kó tó rántí dúró. Gbogbo àgbàlá pàtẹ́wọ́, Rosemary pàápàá.

Festus wo Kúbúrátù. "Ìyá Muhsinah, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi ńkọ́ báwo? Ṣé èmi ni mo fẹ́ sáré ni?"

Lọ́jọ́ Sátidé, Kúbúrátù dúró sẹ́yìn irin tó yí pápá ká, nítòsí ibi tí wọ́n ti máa gbéra. Ó ti sọ fún ọmọ pé bó bá ti wo ọ̀hún, òun ló máa rí lórí ìdúró, gbagidi. Wọ́n ti kéde ìbọn eré ìje ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ti kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kẹ́nikẹ́ni má bàa sá. Àwọn mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, Muhsinah wà lórí ìlà kẹrin. Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá mi orí sí i. Ọkùnrin tó wọ aṣọ pupa gbọ́wọ́ sókè.

Gbàù!

Kúbúrátù kò mọ ìgbà tó débẹ̀. Àyà rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ilẹ̀ gbóná. Ó ti dojú bolẹ̀, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì borí, erùpẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi lu dúróòmù, àṣé ẹni tó ń lù ú kì í ta gìrì sí i! Èrò ń hó gèè. Wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín ni àbí kí ni? Kò lè gbórí sókè. Bó bá gbórí, tó rí ọmọ náà gbalaja bíi tòun, òun ló pa á, kò sẹ́lòmíì.

Ó ní "Bismillah," ó gba abẹ́ irin wo ìlà kẹrin. Erùpẹ̀ pupa lásán ló wà níbẹ̀, àti àpá ẹsẹ̀ méjì.

Kò wo ibi tí wọ́n ń sá gbà. Orí ìkùn ló wà, ó ń wo ibi tí kò sí ẹnì kankan, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n pọ̀ mọ́ ẹ̀rín. Ibẹ̀ náà ni Muhsinah bá a, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn bò ó, Festus ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Mama, second! I carry second! You see me?" Ó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i dáadáa. "Ah-ah! Wetin you dey find for ground?"

"Ìwọ ni mò ń wá," ni Kúbúrátù wí. "Mi ò bá ọ níbẹ̀."

Muhsinah bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ gba abẹ́ irin, ó di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Gbéra, Mama," ó ní.