Yìnyín Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Ilé

Láti ọjọ́ tí Delphine Ouellette ti wọ ilé náà bí ìyàwó, òtútù kò bá ẹsẹ̀ ilé rẹ̀ ní ìhòòhò rí. Bí wọ́n bá ti wa ọ̀dùnkún inú oko tán, tí ewé sì ń wọ́, ẹ̀ka igi firi tí kì í wọ́wé ni wọ́n máa ń kó jọ yí ìpìlẹ̀ ilé ká, kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè wọ abẹ́ ilẹ̀ pákó. Bí gbogbo ará àfonífojì náà ṣe ń ṣe nìyẹn, ní òkè ìpínlẹ̀ Maine níbẹ̀.

Lọ́dún yìí, kò ṣe é. Ẹgbẹ́ aláàánú kan nílùú ti ṣèlérí pé àwọn yóò wá fi òwú tí ń dènà òtútù tẹ́ abẹ́ ilé náà, àwọn yóò sì dí gbogbo ihò ara ògiri rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Kendra, ọmọbìnrin tó ń gbẹnu sọ fún wọn lórí fóònù, rọ̀ ọ́ pé kó má ṣe kó ohunkóhun ti ìpìlẹ̀, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ní láti rí i kedere. Iṣẹ́ tíṣà ni Delphine fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Ó mọ iyì kí ènìyàn ṣe ohun tí a bá ní kó ṣe. Ó fi ìpìlẹ̀ sílẹ̀ gbalasa.

Kì í ṣe ìṣẹ́ ló mú un gba ìrànlọ́wọ́ náà. Léo, ọkọ rẹ̀, ni. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò gba òtútù mọ́, nọ́ọ̀sì tó ń bẹ̀ ẹ́ wò sì ti sọ ọ́ láì fepo bọ iyọ̀ pé bí ilé náà bá tún tutù bíi ti èṣí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni yóò gbé e lọ. Léo yíjú sí fèrèsé tó ti máa ń wo odò.

Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ dá kọjá. Kendra ní ọkọ̀ wọn ló bàjẹ́. Ó dá òmíràn; ìyẹn náà kọjá, ó ní ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù ló fiṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ń gbé fóònù mọ́. Ohùn pẹ̀lẹ́ àti ẹ̀bẹ̀ ni Kendra fi ń ṣe gbogbo àwáwí rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì bí Delphine nínú jù, torí kò rí ẹni tí ì bá bá jà.

Royce Pinkham, aládùúgbò rẹ̀ tí Delphine kọ́ níwèé nígbà tó wà lọ́mọdé, fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ kó ẹ̀ka firi wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó dúró, ó wo ìpìlẹ̀ náà títí.

"Tíṣà, ṣé ẹ ṣì ń retí àfẹ́sọ́nà yín ni?"

"Wọ́n ní ká má kó nǹkan tì í, Royce."

"Wọ́n ní, wọ́n ní. Ṣé òtútù náà gbọ́ pé wọ́n ní?"

Delphine ní kó kó o lọ fún ẹlòmíràn. Royce kó o lọ.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀ fi dì, tí yìnyín sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí Delphine ṣe fẹ́ po ìyẹ̀fun ploye, àkàrà pẹlẹbẹ tí wọn yóò jẹ, ó ṣí ẹ̀rọ omi, nǹkan kan kò jáde. Páìpù abẹ́ ilé ti dì. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni nọ́ọ̀sì wọlé. Ó fọwọ́ kan ọwọ́ Léo, ó fọwọ́ kan ilẹ̀ pákó, ó ní bí òun bá padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ tí nǹkan ṣì rí báyìí, òun yóò bá wọn wá àyè nílé ìtọ́jú. Kò fi ìkanra sọ ọ́.

Ẹ̀ka firi ti bọ́ sábẹ́ yìnyín nínú igbó nígbà náà. Delphine wá rántí ohun tí ìyá ọkọ rẹ̀ máa ń ṣe lọ́dún tí ẹ̀ka bá wọ́n. Ó ránṣẹ́ sí Royce. Royce rá wọ abẹ́ ilé, ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun yọ́ omi tó dì nínú páìpù náà. Nígbà tó fi máa jáde, Delphine ti mú ṣọ́bìrì, ó ń kó yìnyín jọ ti ara ilé, ó ń fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì lù ú kó le.

"Tíṣà, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé yìnyín tutù."

"Ó tutù. Afẹ́fẹ́ ló ń pààyàn. Mú ṣọ́bìrì tìrẹ."

Wọ́n kó o títí ó fi kan abẹ́ fèrèsé yíká ilé. Nígbà tí nọ́ọ̀sì padà dé, ó bọ́ bàtà, ó fi ìbọ̀sẹ̀ rìn lórí ilẹ̀ pákó. Ó ní bí ilé bá ti lè wà báyìí, kí Léo máa jókòó sílé rẹ̀.

Àfi bí ọkọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú ṣe yà wọlé ní ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, irú mímọ́ tó máa ń mú òtútù burúkú wá lálẹ́. Ọkùnrin méjì ló sọ̀ kalẹ̀. Èyí àgbà, Dwight, kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó tọrọ àforíjì, ó ní kí wọ́n kàn bá àwọn kó yìnyín ẹsẹ̀ ilé kúrò kí àwọn lè ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Delphine rí òwú náà nínú ọkọ̀, ó pọ̀, ó sì dára. Ohun tó ti ń retí ni. Bí wọ́n bá ṣe é, kò ní gbé ṣọ́bìrì mọ́ láyé rẹ̀.

"Ṣé ẹ ó parí rẹ̀ lónìí?"

Dwight wo ẹnìkejì rẹ̀. "Màmá, a máa bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ọ̀la la máa parí ẹ̀."

"Ọ̀la."

"Bí ọkọ̀ bá ti lè jẹ́."

Ó dùn mọ́ Delphine pé ọkùnrin náà kò purọ́.

"Ẹ ṣeun tí ẹ wá," ó ní. "Ẹ má fọwọ́ kan yìnyín yẹn. Tó bá yọ́ fúnra rẹ̀, ẹ máa bọ̀. Títí ewé yóò fi wọ́, ìpìlẹ̀ á wà níta fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ka firi ló ni ín."

Dwight fi sùúrù sọ fún un pé ọ́fíìsì lè pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò. Delphine ní tiwọn nìyẹn. Ó bu kọfí gbígbóná fún wọn, wọ́n mu ún lóòró, wọ́n lọ.

Léo béèrè láti yàrá pé ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Delphine ní àwọn kan ló fẹ́ tú ẹsẹ̀ ilé.

"Ti ilẹ̀kùn, jàre," Léo ní. "Afẹ́fẹ́ ń wọlé."

Ó tì í.