Òpó Kẹrin Ilé-Ọtí Àgbò Dúdú

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Enoch Gwilliam fi jókòó sójú kan náà nílé-ọtí Àgbò Dúdú, tó fi ẹ̀yìn ti òpó ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná. Ife irin rẹ̀ wà lórí ìkọ́ lábẹ́ àjà, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, Dorcas Prosser tó ni ilé-ọtí náà já ife yìí, ó fi bu bíà fún àlejò kan tó gun kẹ̀kẹ́ wá jẹun.

Enoch wò ó. "Ife mi?"

"Ife lásán ni, Ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe ìyàwó yín."

"O máa bẹ̀ mí, Dorcas."

"Nítorí ife? Ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́."

"Ó tán. Ilé-ọtí òdìkejì afárá ni mo ń lọ."

Bó ṣe dìde ni òpó náà yẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan. Àjà ń dún kẹ̀kẹ̀, amọ̀ tí wọ́n fi dí àárín igi ògiri já sínú ọbẹ̀ àlejò. Enoch ò wẹ̀yìn. Nígbà tó gbé ẹsẹ̀ kejì, wọ́n gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì yàrá òkè ń yọ̀ lọ fúnra rẹ̀. Dorcas àti àlejò rọ́ lù ú, wọ́n tì í padà sórí ìjókòó. Ilé dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Thripp tó ń ṣọ́ àwọn ilé àtijọ́ fún ìjọba ìbílẹ̀ gbé tọ́ọ̀ṣì dé. Ó kan òpó náà kókó.

"Ìṣó onígi ibí yìí ti jẹrà tipẹ́. Ẹ̀yìn yín ló ń gbé ilé, Bàbá. Òfin ò sì gbà kí a yọ ohun tó ń gbé irú ilé báyìí láìgba àṣẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni àṣẹ náà máa ń gbà kó tó jáde."

"Ṣé igi ni mí ni?"

"Nínú ìwé tiwa, òpó kẹrin ni yín."

Ibẹ̀ ni Enoch ń sùn. Ó ń jẹ páì Dorcas, kò dúpẹ́. Bó bá fẹ́ lọ tọ̀, ọkùnrin mẹ́ta ló ń fẹ̀yìn ti òpó dè é, ilé á sì máa dún kẹ̀kẹ̀ síbẹ̀. Dorcas ò bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé, káfíńtà fi òpó tuntun síbẹ̀. Enoch dé fìlà, ó kọrí sẹ́nu ọ̀nà. Thripp dí i lọ́nà tìwétìwé.

"Ẹ dúró, Bàbá. Àṣẹ náà sọ pé ohun àtijọ́ tí a bá yọ kò gbọdọ̀ jáde nínú ilé."

"Apá ibo nínú ilé?"

"Wọn ò sọ. Ibi tẹ́ ẹ bá ti fìdí balẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sún yín."

Enoch rò ó díẹ̀. Ó wọ́ àga lọ sẹ́yìn kántà, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa bíà, ó ká ọwọ́ gbera.

Títí di ọ̀sán Sátidé, kò sẹ́ni tó rí ọtí mu. Àwọn oníbàárà dúró, wọ́n ń wo Dorcas. Ó nu ọwọ́ lára aṣọ ìdáná rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Kò yẹ kí n fọwọ́ kan ife yín."

"Mi ò gbọ́ ọ."

Ó tún un sọ, ó jẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́.

"Ó ti tán nínú mi," ni Enoch wí. "Wá lọ kọ̀wé sí Thripp, kí wọ́n gbà mí láàyè láti sún kúrò níbí."