Ọkọ̀ Tó Ń Payínkeke Níwájú Ilé Àna

Nígbàkúùgbà tí mo bá fẹ́ kúrò nílé Dunya, gbogbo àdúgbò ló máa ń mọ̀. Bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ báyìí, á payínkeke gììrìrì bí ìgbà téèyàn ń fi irin ha irin, kí ẹ́ńjìnnì tó gbà láti jí. Ajá á gbó, Dunya á fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, bàbá rẹ̀ á sì yọjú lójú fèrèsé. Obren lorúkọ bàbá náà, mẹkáníìkì ni. Òun nìkan ló tọ́ Dunya dàgbà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, gbogbo ìlú Arilje ló sì ń gbé ọkọ̀ wá fún un. Ariwo ọkọ̀ tèmi ń bí i nínú, àfi bíi pé inú ikùn rẹ̀ ló ti ń dún.

Lọ́jọ́ tí mo sọ fún un pé èmi àti ìyá mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè láti wá tọrọ Dunya, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó wò mí tẹ̀gàntẹ̀gàn.

“Vukaṣin, ẹ máa bọ̀,” ó ní. “Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó wọlé, wàá pa ọkọ̀ yẹn, wàá tún yí kọ́kọ́rọ́ lójú mi. Tó bá dún bó ṣe ń dún yẹn, ẹ má wulẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ò lè tọ́jú irin, ọmọ mi kọ́ ló máa tọ́jú. Ìwọ fúnra ẹ ni wàá tún un ṣe o.”

Èmi tí mò ń ṣe búrẹ́dì jẹun! Ṣùgbọ́n ìfẹ́ Dunya ń pa mí bí ọtí, mi ò rí ohun tí mi ò lè ṣe. Láàárọ̀ Sátidé mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ń súfèé. Bátìrì ni mo kọ́kọ́ fura sí, ṣùgbọ́n iná iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ yòò. Tí ẹ́ńjìnnì bá sì ti jí, jẹ́jẹ́ ló ń dún, kò sí ìjà lọ́dọ̀ tiẹ̀. Ó wá ku sítátà, mọ́tò kékeré tó ń ta ẹ́ńjìnnì jí. Jíà kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó yẹ kó yọ síwájú, kó fi eyín bọ àárín eyín kẹ̀kẹ́ irin ńlá tó wà lára ẹ́ńjìnnì, kó yí i, kó sì padà sáyè rẹ̀. Tí kò bá yọ tán, eyín á kàn máa ha eyín ni.

Mo yọ wáyà bátìrì, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, mo tú bóòtù sítátà. Ó jábọ́ sórí àyà mi, mo kígbe, mo sì bú sẹ́rìn-ín. Jíà náà ti dípẹtà, ó há sára ọ̀pá rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu, torí ẹ̀ẹ̀rùn la wà, òjò ò rọ̀. Mo tún wò ó dáadáa: ewé efinrin ló lẹ̀ mọ́ ọn lára, èyí tó tutù lórí èyí tó ti gbẹ. Nílé wa, ẹnì kan ṣoṣo ló ń já efinrin.

Àwọn kan ní ẹni bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ̀yìn làwa ń dà á sí níhìn-ín. Ẹni tó bá ń lọ síbi tó ṣe pàtàkì, wọ́n á da omi tẹ̀lé e kí ọ̀nà rẹ̀ lè máa ṣàn gẹ́rẹ́. Ìyá mi, Stamena, kì í fi ife dà á ní tiẹ̀. Korobá ni, pẹ̀lú efinrin nínú. Mo pè é jáde, mo fi sítátà hàn án, mo bi í pé ibo gan-an ló ń da omi náà sí.

“Ṣebí ẹ̀yìn ọkọ̀ lo fi ń jáde nínú ọgbà?” ó ní. “Iwájú rẹ̀ ló máa ń kẹ́yìn nílé. Ibi tó kẹ́yìn ni mò ń dà á sí, mo sì ń dà á dáadáa, kí Ọlọ́run má bàa sọ pé òun ò rí i.”

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Òun náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Mo fi sanpépà ha ìpẹtà náà kúrò, mo ta òróró díẹ̀ sí ọ̀pá rẹ̀ títí jíà fi ń lọ tó ń bọ̀ wẹ́rẹ́, mo sì dá sítátà padà sáyè rẹ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ jí láìpariwo. Mo di ìyá mi mú, a jó yí ọkọ̀ po, gírísì ọwọ́ mi sì kun aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo kọjú ọkọ̀ sí ẹnu ọ̀nà, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bùtù ẹ̀yìn ọkọ̀ ni omi korobá bà kí ìyá mi tó wọlé jókòó tì mí.

Obren ti káwọ́ gbera dúró lẹ́nu géètì, Dunya wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo pa ọkọ̀, mo tún yí kọ́kọ́rọ́. Ó jí jẹ́jẹ́. Dunya pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ò tíì túra ká. Ó béèrè ohun tó ti ń ṣe ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé ogbó ni, kí wọ́n má bàa máa fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ kiri ìlú. Kí n tó lanu, ìyá mi ti sọ̀ kalẹ̀.

“Èmi ni mo bà á jẹ́,” ó ní. “Gbogbo ìgbà tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ni mò ń da omi tẹ̀lé e. Ọkọ̀ ló ń mu ún.”

“Gbogbo ìgbà, màmá?” Obren bi í.

“Gbogbo ìgbà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà fún un ni.”

Obren wo ìyá mi, ó wo ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé e, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di géètì mú, ó sì nu ojú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ kí ẹlẹ́rìn-ín nu ojú lọ. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Dunya,” ó ní, “o ti ní ìyá.”

Dunya ti sáré gbá ìyá mi mọ́ra kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé èmi ni ọkọ ìyàwó.