Ìwé Ìṣirò Bàbá Lánípẹ̀kun

Ẹ gbọ́ àlá tí Fadérera lá lọ́sàn-án àná, bó ṣe rọ́ ọ fún wa gan-an nìyí.

Ilé ìtẹ̀wé kan n'Íjẹ̀bú-Igbó ni Fadérera ti ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́, Bàbá Lánípẹ̀kun, kọ ìwé ìṣirò lédè Yorùbá, ṣùgbọ́n ojú wọn kò ríran mọ́. Fadérera fẹ́ sọ ìwé náà di ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí fóònù lè máa kà á sí wọn létí. Ètò kọ̀ǹpútà mẹ́ta tó lè ṣe iṣẹ́ náà ló ń fi wéra tí oorun fi gbé e lọ.

Lójú àlá, ó bá ara rẹ̀ ní ọ́fíìsì kan tó ń léfòó lójú sánmà. Àwọn ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó síbẹ̀, wọ́n wọ táì. Ó kí wọn, ó gbé ìwé kalẹ̀.

Èkíní gbé e mì káló, ó sì pọ̀ ọ́ jáde láìsí àmì ohùn kankan. Níbi tí bàbá ti kọ ọ́ pé Ìyá Àṣàbí ra ọkọ́ márùn-ún tí yóò fi roko, ọkọ́ ti di ọkọ. Ni ọkùnrin márùn-ún bá jáde látinú ìwé.

"Ìyàwó wa, kí la fẹ́ jẹ?"

"Ẹ jókòó ná," ni Fadérera wí, ó fún wọn ní àga.

Èkejì ya gbogbo ìwé náà ní fọ́tò. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fadérera ní kó sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ló ń rín bíi fọ́tò ara ògiri.

Ẹ̀kẹta ń wọ́ bí ìgbín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ohùn òkè lèyí àbí ti ìsàlẹ̀?" Fadérera ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá ọ́fíìsì náà, tóun náà wọ táì, já wọlé tìbínú-tìbínú. "Èyí tó yára la máa fọwọ́ sí! A ò ráyè..." Kò tíì sọ ọ́ tán tó fi di òbúkọ, ó sì ń jẹ táì rẹ̀.

"Ẹ máa jẹun lọ, sà," ni Fadérera wí, ó kọjú síṣẹ́.

Bí àmì tó kẹ́yìn ṣe bọ́ sípò, àwọn ọkọ márààrún di ọkọ́ onírin padà, wọ́n balẹ̀ gbàgà. Fadérera ta jí. Òbúkọ aládùúgbò ń ké lẹ́yìn fèrèsé. Ètò kẹta, tó ti ń fà láti àárọ̀, ti parí iṣẹ́, àmì ohùn kan kò sì sọnù.

Ó sáré lọ sílé Bàbá Lánípẹ̀kun, ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Fóònù ka ìbéèrè àkọ́kọ́ ketekete. Bàbá na ọwọ́ sókè.

"Dá a dúró, ọmọ mi! Má jẹ́ kó sọ ìdáhùn. Jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ ná."